Orúkọ "Ada": kí ló túmọ̀ sí gan-an, ọ̀dọ̀ ta ló sì ti wá? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Moréniké_A
Ẹ kú ojúmọ́ ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dà mí láàmú díẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan á wà níbí tó máa là mí lóye. Ọmọ Ìgbò ni ọkọ mi, oyún wa àkọ́kọ́ rèé, wọ́n sì ti sọ fún wa pé obìnrin ni. Látìgbà tí àwọn ará ilé ọkọ mi ti gbọ́ ni wọ́n ti ń pe Ada, Ada, ìyá ọkọ mi á kọ́kọ́ béèrè báwo ni Ada àwọn ṣe ń ṣe nínú kí wọ́n tó bi mí pé báwo ni ara tèmi. Ó dùn mọ́ mi gan-an o. Àmọ́ màmá tèmi gbọ́ ọ lórí fóònù, wọ́n ní "àdá kẹ̀? Àdá tí wọ́n fi ń ṣán igbó ni wọ́n fẹ́ máa pe ọmọ-ọmọ mi?" Wọn ò bínú, ó kàn ká wọn lára ni, torí àwa náà ṣáà mọ̀ pé orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Mo wá lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí n lè rí àlàyé tí mo máa ṣe fún wọn, ibì kan ní ti Jámánì ni, ibì kan ní inú Bíbélì ló ti wá, ibòmíì ní erékùṣù ni ìtumọ̀ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Èwo lòótọ́ níbẹ̀? Ṣé ó sì bójú mu kó jẹ́ Ada nìkan ló máa wà nínú ìwé ẹ̀, àbí ká fi í ṣe orúkọ ilé?

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé
Àbúrò mi, ẹ kú oríire, Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀. Mo gbé Enugu pẹ́, ìyàwó mi gan-an ni Ada nílé bàbá ẹ̀, torí náà ohun tí ojú mi tó ni mò ń sọ. Nǹkan àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí màmá mọ̀ ni pé lọ́dọ̀ àwọn Ìgbò, Ada kọjá orúkọ, ipò ni. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá kọ́kọ́ bí nílé ni Ada, bí àkọ́bí ọkùnrin ṣe jẹ́ Ọkpara. Ká ní ẹ bí obìnrin mẹ́rin, ọ̀kan ṣoṣo ni Ada nínú wọn, àwọn yòókù á máa fi ojú ẹ̀gbọ́n àgbà wò ó, bàbá ẹ̀ pàápàá á máa gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹ̀ tó bá dàgbà. Tó bá sì wá lọ sílé ọkọ, ilé bàbá ẹ̀ ò tíì tán lọ́rùn ẹ̀, torí àwọn ọmọbìnrin ìdílé ló ń jẹ́ Ụmụada, tí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ nílé tàbí tí wọ́n bá fẹ́ sìnkú, wọ́n á dé, kò sì sí ọkùnrin kan tó máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ wọn. Nítorí náà tí wọ́n bá ń pe ọmọ tí ò tíì wáyé ní Ada, wọ́n ti fún un ní àga tó máa jókòó sí nìyẹn.

Lórí ìbéèrè ẹ kejì, ọ̀pọ̀ ìgbà Ada yìí máa ń jẹ́ ìkékúrú orúkọ tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adaeze, ọmọbìnrin ọba. Adanna, ọmọbìnrin bàbá ẹ̀, Adanne sì ni ti ìyá. Adaobi ni ọmọbìnrin agbo ilé bàbá ẹ̀, Adaora jẹ́ ọmọbìnrin gbogbo ayé, ìyẹn gbogbo ará ìlú, Adaugo ọmọbìnrin ẹyẹ idì, Adaku ti ọrọ̀. Gbogbo wọn, Ada ni wọ́n máa ń pè wọ́n nílé. Tèmi ni pé kẹ́ ẹ bi bàbá ọkọ yín léèrè èyí tó wà lọ́kàn wọn, torí wọn ò lè máa pe Ada lásán láìní èyí tí wọ́n fẹ́.

Màmá_Ṣadé
Moréniké ọmọ mi, má jẹ́ kí ó dà ẹ́ láàmú. Ìyá ẹ ò ṣẹ̀, bí etí Yorùbá ṣe máa gbọ́ ọ nìyẹn. Àwa náà ṣáà ní ọkọ́, ọkọ, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀, ẹni tí ò gbọ́ èdè wa á rò pé nǹkan kan náà ni. Ohun tí mo máa ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé kí ọkọ ẹ tàbí ìyá ẹ̀ fi ẹnu ara wọn pe orúkọ yẹn, kí o gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, kí o fi ránṣẹ́ sí màmá lórí WhatsApp, kí wọ́n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é pẹ̀lú ìfẹ́. Àgbàlagbà kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ohùn tó ní ìfẹ́ nínú jà.

Ọmọ_Ring_Road
Ẹ jẹ́ n fi tèmi kún un, ìlú Benin ni wọ́n bí mi sí bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni bàbá àti ìyá mi. Tí màmá bá ṣì tẹnu mọ́ irin yẹn, ẹ sọ fún wọn pé ní Benin, ada ni wọ́n ń pe idà ọlá tó máa ń wà níwájú Ọba, òun àti eben, idà ọlá mìíràn, ni wọ́n jọ máa ń rìn, àmì àṣẹ ni. Kì í ṣe ohun èlò oko rárá. Haúsá náà ń pe àdá ní adda, torí náà ọ̀rọ̀ irin yìí ti rìn jìnnà nínú Nàìjíríà.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé
Ọmọ Ring Road ó ṣeun, ìmọ̀ tó dáa nìyẹn, mo sì gbádùn ẹ̀. Àmọ́ mi ò ní fẹ́ kí Moréniké lò ó láti fi bẹ màmá o. Ti Benin, ti Benin ni, ti Ìgbò, ti Ìgbò ni. Tó bá sọ fún màmá pé idà ọba ni, lọ́jọ́ tí wọ́n bá pàdé ìyá ọkọ ẹ̀ tí ìyẹn wá sọ pé àkọ́bí obìnrin ló túmọ̀ sí, wọ́n á ní ọmọ àwọn tan àwọn jẹ. Òótọ́ yẹn fúnra ẹ̀ dùn tó, ẹ jẹ́ ká fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Bísí_Benue
Ẹ kú ìjíròrò o. Ọ̀tukpó ni mo dàgbà sí, ẹ má jẹ́ kí n dákẹ́. Lọ́dọ̀ àwọn Ìdọmà, bàbá ni Ada! Ene ni ìyá, Ada ni bàbá. Adakole tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, bàbá ilé ló túmọ̀ sí, ọkùnrin ló sì ń jẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí ẹ máa rí tí orúkọ ìdílé wọn jẹ́ Adah, Ìdọmà ni wọ́n. Mo ní ọ̀rẹ́ kan nílé ìwé tó ń jẹ́ Ada, ọmọkùnrin ni, nígbà tó lọ sí ìlà oòrùn fún àgùnbánirọ̀ gbogbo èèyàn ń wò ó pé báwo ni ọkùnrin ṣe jẹ́ Ada. Kò sí ohun tó burú nínú ẹ̀, àwọn méjèèjì ní orúkọ tó lọ́lá, wọn ò kàn jọ bí ara wọn ni.

Ẹ tún wá lọ sí Adamawa, lọ́dọ̀ àwọn Fúlàní ibẹ̀ adda ni ẹ̀gbọ́n obìnrin. Nínú Nàìjíríà nìkan, bàbá, ẹ̀gbọ́n obìnrin, àkọ́bí obìnrin, idà ọba àti àdá tiwa. Mo fẹ́ràn orílẹ̀-èdè yìí fún nǹkan báyìí.

Olùkọ́_Ọjọ́_Ìsinmi
Ti inú Bíbélì ńkọ́, ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Jẹ́nẹ́sísì orí 4, Lámékì fẹ́ ìyàwó méjì, Ádà ni orúkọ ọ̀kan, Síllà ni èkejì. Ádà yìí ló bí Jábálì, baba àwọn tó ń gbé inú àgọ́ tí wọ́n ń sin ẹran, ó tún bí Júbálì, baba àwọn tó ń ta dùùrù tí wọ́n ń fọn fèrè. Tí ẹ bá wo orí 36 ẹ máa rí Ádà míì, ọmọ Ẹ́lónì ará Híttì, ìyàwó Ísọ̀ ni, òun ló bí Élífásì. Ní èdè Hébérù, ohun ọ̀ṣọ́ ló túmọ̀ sí, ohun tí èèyàn fi ń ṣe ara lẹ́wà. Ìdí nìyẹn tí àwọn olóyìnbó tó mú un látinú Bíbélì fi máa ń kọ ọ́ ní Adah, pẹ̀lú H nígbẹ̀yìn.

Ada Yonath tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì lọ́dún 2009, ọmọ Ísírẹ́lì ni, wọ́n bí i ní Jerúsálẹ́mù lọ́dún 1939, iṣẹ́ tó ṣe lórí ráíbósóòmù, ìyẹn ibi tí ara ti ń ṣe purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, ló gbà á fún. Látọdún 1964 obìnrin kankan ò tíì gba ti kẹ́mísìrì yẹn títí tó fi kàn án.

Chizzy_Ọmọ_Yorùbá
Ìyá mi Yorùbá, bàbá mi Ìgbò, ẹ kú ilé o. Ṣé kì í ṣe látara Hébérù yẹn gan-an ni Ìgbò ti mú un? Mo máa ń gbọ́ pé ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tíṣà_Ìtàn
Chizzy, jọ̀ọ́ fara balẹ̀ lórí ìyẹn. Wò ó, orúkọ yìí kúrú gan-an, A, D, A, fáwẹ̀lì kan náà ló wà níwájú àti lẹ́yìn, kọ́ńsónáǹtì tó rọrùn fún ahọ́n ló wà láàárín. Kò sí èdè tí ò lè ṣẹ̀dá ẹ̀ fúnra ẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ méjì bá jọra bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ tí èkejì jẹ́ àkọ́bí obìnrin, ìjọra yẹn nìkan ò tó láti sọ pé ìbátan ni wọ́n. Ó sì tún wà nínú irú ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ fẹnu pè, baba, mama, dada, torí ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fún bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n fi máa ń jọra láwọn èdè tí wọn ò mọ ara wọn rí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n ní láti fi ojú ọ̀nà tí ó gbà rìn hàn wá, láti ibì kan sí ibì kejì.

Ti Jámánì tí Moréniké rí yẹn, òótọ́ ni, àmọ́ orírun tiẹ̀ náà yàtọ̀. Adal ni ọ̀rọ̀ wọn àtijọ́ fún ìran ọlọ́lá, òun ló wà nínú Adelheid, Adelaide, Adela. Nígbà tí wọ́n bá gé àwọn orúkọ gígùn yẹn kúrú, Ada ló máa ń kù. Ó ti pẹ́ tí àwọn obìnrin ààfin ti ń jẹ́ ẹ ní Yúróòpù, Ada de Warenne tó kú lọ́dún 1178, ọmọ ẹ̀ méjì ló jọba Scotland, Malcolm kẹrin àti William tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ò sì sí nínú Hébérù bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú Jámánì. Ayaba kan wà tó ń jẹ́ Ada ní ilẹ̀ Caria, ìhà gúúsù ìwọ̀ oòrùn Tọ́kì òde òní. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin, Pixodarus, ló gba ìjọba lọ́wọ́ ẹ̀, ó wá ku ìlú olódi Alinda nìkan fún un. Nígbà tí Alexander Ńlá gbógun dé lọ́dún 334 ṣáájú ìbí Kristi, Ada ṣí ilẹ̀kùn ìlú ẹ̀ fún un, ó gbà á ṣọmọ, Alexander náà gbà, ó wá dá gbogbo Caria padà fún un. Obìnrin tó sọ ajagun di ọmọ ara ẹ̀, tó sì gba ìtẹ́ ẹ̀ padà. Sọ ìyẹn fún ọmọ ẹ lọ́jọ́ kan.

Fẹ́mi_Kóòdù
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò tíì dárúkọ Ada tèmi, mo ti ń dúró. Gbogbo àwa tí a ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Ada Lovelace ni Ada. 10 December 1815 ni wọ́n bí i nílùú London, Augusta Ada Byron ni orúkọ ẹ̀ ní kíkún, ọmọ Lord Byron akéwì yẹn. Augusta tó wà níwájú yẹn, orúkọ ọmọ bàbá Byron obìnrin ni, Ada tó tẹ̀ lé e ló wá mọ́ ọn lára jù. Ìyá ẹ̀ rí i dájú pé ó kọ́ ìṣirò láti kékeré. Charles Babbage ti ń ronú ẹ̀rọ ńlá kan tó máa máa ṣe ìṣirò fúnra ẹ̀, Analytical Engine, wọn ò parí ẹ̀ títí Babbage fi kú. Ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Menabrea kọ àpilẹ̀kọ nípa ẹ̀ ní Faransé, Ada túmọ̀ ẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, ó wá fi àlàyé tirẹ̀ sí i, àlàyé yẹn fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta gùn ju ohun tó túmọ̀ lọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1843. Inú ibẹ̀ ló ti to ìgbésẹ̀ tí ẹ̀rọ náà máa gbà ṣírò àwọn nọ́ńbà Bernoulli ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ètò kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde. Ó tún sọ pé ẹ̀rọ náà lè kọ orin lọ́jọ́ kan, tí a bá lè fi òfin ṣàlàyé bí ohùn ṣe ń bá ara wọn tan. Ẹni ọdún 36 ni nígbà tó kú, lọ́dún 1852.

Nígbà tí Ilé-iṣẹ́ Ààbò Amẹ́ríkà wá ṣe èdè kọ̀ǹpútà kan, Ada ni wọ́n sọ ọ́. 10 December 1980, ọjọ́ ìbí ẹ̀ gan-an, ni wọ́n fọwọ́ sí ìlànà ẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n fún ìlànà náà ni MIL-STD-1815, ọdún tí wọ́n bí i. Títí dòní wọ́n ṣì ń lò ó fún ọkọ̀ òfúrufú àti ọkọ̀ ojú irin, níbi tí àṣìṣe kékeré lè pa èèyàn. Owó orí ayélujára ti Cardano náà ń jẹ́ ada nítorí ẹ̀, tí wọ́n bá ṣẹ́ ẹyọ kan sí mílíọ̀nù kan, lovelace ni wọ́n ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo tí mo ní: ẹ má ṣe kọ ọ́ ní lẹ́tà ńlá, ADA, níbi tí ẹ bá ti lè yẹra fún un. Ní Amẹ́ríkà, ADA jẹ́ òfin àwọn aláàbọ̀ ara tí wọ́n ṣe lọ́dún 1990, ẹgbẹ́ tó ń rí sí àrùn àtọ̀gbẹ ń jẹ́ ẹ, ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín náà ń jẹ́ ẹ. Ada nìkan, láìsí orúkọ míì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ọmọ yẹn ò ní rí ara ẹ̀ lórí Google láéláé.

Olùkọ́_Ọjọ́_Ìsinmi
Fẹ́mi, ara mi bù máṣọ. Ádà inú Bíbélì ni ìyá bàbá àwọn olórin, tiyín náà ń sọ pé ẹ̀rọ máa kọ orin! Mo mọ̀ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni, àmọ́ ó dùn mọ́ mi.

Láídé_Istanbul
Erékùṣù tí ẹ rí yẹn, Tọ́kì ni. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni lọ́dọ̀ wọn, ada ni erékùṣù, ìlú etí òkun tó ń jẹ́ Kuşadası ni Erékùṣù Ẹyẹ. Wọ́n ń sọ ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ dáadáa níbí, mo mọ Ada mélòó kan. Ọ̀rọ̀ yẹn bá wọn dé Serbia, Ada Ciganlija wà ní Belgrade. Ada Kaleh tún wà lójú odò Danube tẹ́lẹ̀, àwọn Tọ́kì ló ń gbé ibẹ̀, omi bò ó mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 nígbà tí wọ́n ṣe ìdídò Iron Gates.

Àwọn ará Íńdíà àti Pakistan tí mo bá pàdé níbí sọ fún mi pé adā tiwọn ni ìṣesí tó lẹ́wà, bí obìnrin ṣe ń rìn tó ń yí ojú tó wu èèyàn. Ní Indonesia, "ó wà" ni ada, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù béèrè nǹkan, ada ni wọ́n máa dá yín lóhùn. Àwọn Welsh ń pe Ádámù ní Adda. Ó pọ̀ o.

Moréniké_A
Ẹ̀yin ará ilé, omi bọ́ lójú mi níbi ti ayaba Caria yẹn. Ẹ ṣé gan-an. Ó ti wá yé mi báyìí pé kì í ṣe orúkọ kan tó ní ìtumọ̀ ogún, orúkọ ogún ni tí wọ́n kàn ń kọ bákan náà. Ti àwọn ará ilé ọkọ mi ni èmi fẹ́. Àmọ́ mo fẹ́ kí màmá mi náà rí ara wọn nínú ẹ̀, torí mi ò fẹ́ kó dà bíi pé ìdílé kan ló bí ọmọ. Kí ni kí n ṣe?

Àbẹ̀ní_Òkè
Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ibí yìí. Àwa náà ní orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Adáramọ́lá, Adáramọ́yè, Adáraníjó, A dára tó wà níwájú wọn yẹn. Tí ẹ bá fún un ní Adáramọ́lá, Ada ni ìkékúrú ẹ̀, màmá á máa pe tiwọn, àwọn ẹbí ọkọ yín á máa pe tiwọn, ohùn á jọ pàdé lẹ́nu ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé
Àbá Àbẹ̀ní wuyì, mi ò ta kò ó. Àmọ́ ọ̀pọ̀ Adáramọ́lá tí mo mọ̀, orúkọ ìdílé ni, á dáa kí Moréniké bi màmá bóyá wọ́n máa fẹ́ ẹ. Ohun tí mo rí tó máa ń mú inú ìyá ìyàwó dùn jù ni oríkì. Ìyá àgbà ló ni oríkì, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn pátápátá, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn dá sí i.

Màmá_Ṣadé
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Oríkì ni kí ẹ fún ìyá. Àwa la máa ń fi pe ọmọ tó bá ń sunkún, tí inú ẹ̀ á rọ̀.

Bísí_Benue
Ti ìwé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ tèmi, mo ti rí wàhálà yẹn lójú ẹlòmíì. Orúkọ gígùn ni kí ẹ kọ sí ìwé-ẹ̀rí ìbí NPC, kí ẹ kọ ọ́ bákan náà sí ìwé ọsibítù, bákan náà sí NIN, bákan náà sí páspọ́ọ̀tù. Kò gbọdọ̀ jẹ́ Ada níbì kan, Adah níbòmíì, Adaeze níbì kẹta. Tó bá ti jẹ́ pé èyí tó gùn ló wà nínú ìwé, Ada á máa jẹ́ orúkọ ilé láìfa ìṣòro kankan, tó bá sì dàgbà á yan èyí tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun níbi iṣẹ́.

Moréniké_A
Mo ti padà dé o. Ọkọ mi pe bàbá ẹ̀ níwájú mi, mo gbé fóònù sórí sípíkà. Mo béèrè pé sà, Ada wo lẹ ní lọ́kàn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Adanna ni, pé òun gan-an ni nna yẹn. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀ bí Màmá Ṣadé ṣe ní kí n ṣe, mo fi ránṣẹ́ sí màmá mi pẹ̀lú àlàyé Ẹ̀gbọ́n Kúnlé nípa Ụmụada. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, wọ́n wá pè mí, wọ́n ní "ṣé bí wọ́n ṣe máa ń bọ̀wọ̀ fún obìnrin níbẹ̀ nìyẹn? Kò burú, kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀." Wọ́n ní oríkì ńkọ́, mo ní tiyín ni, wọ́n ní Àdùkẹ́ ni, àwọn ti mú un kí n tó béèrè. Adanna Àdùkẹ́ la máa kọ sí gbogbo ìwé, Ada nílé. Mo máa sọ ti Caria fún un fúnra mi.

Ẹ̀gbọ́n_Kúnlé
Adanna Àdùkẹ́! Ẹ kí bàbá ọkọ yín fún wa. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Tó bá ti dé kí ẹ jẹ́ ká mọ̀ níbí.

Màmá_Ṣadé
Àmín àṣẹ. Kó o sì máa sinmi dáadáa, ìwọ ọmọ yìí.